Ìyá Ọlọ́jà, Ṣé Àyè Ló Ń Gbé Ẹrù Ni, Àbí Táyà?

Bí wọ́n bá ń di ẹrù sínú ọkọ̀, ojú ọlọ́jà kì í wà nílẹ̀. Òkè ló máa ń wò, kó lè mọ̀ bóyá àyè ṣì kù. Bí àyè bá kù, inú rẹ̀ á dùn, á ní kí alábàárù tún gbé méjì mẹ́ta sí i. Bí àyè bá tán pátápátá, wọ́n á wá okùn, wọ́n á to ìyókù lé e lórí bí ẹni to igi ìdáná.

Bẹ́ẹ̀, àyè kì í gbé ẹrù. Sípíríǹgì ló ń gbé e. Ásù, ìyẹn ọ̀pá irin ńlá tó wà ní ìbú lábẹ́ ọkọ̀, tó mú táyà ọ̀tún àti tòsì dání, òun ló gbé sípíríǹgì. Táyà ló wá gbé gbogbo wọn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye ẹrù tí ọkọ̀ lè kó, kó bẹ̀rẹ̀ kó wo ìsàlẹ̀. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Ìyá oníṣu kan ní ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn kò mọ èyí títí di oṣù kẹjọ ọdún 2019. Kì í ṣe pé ìyá náà kò gbọ́n o. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń lọ ra iṣu l'Òkè-Ògùn. Ó mọ iṣu tó gbó, ó mọ èyí tí kòkòrò ti wọ̀, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń ná ọjà títí tí àgbẹ̀ tó le koko á fi rẹ́rìn-ín. Ohun tí kò mọ̀ ni kílò. Wọn kì í fi kílò ta iṣu, kíkà ni wọ́n ń kà á. Nítorí náà, kò sí ọjọ́ kan tó jókòó tó bi ara rẹ̀ pé, "Iṣu mi yìí, báwo ló ṣe wúwo tó ná?"

Ní oṣù tí à ń wí yìí, iṣu tuntun ti dé. Òun àti obìnrin mẹ́ta mìíràn dá owó jọ, wọ́n ra iṣu ní Kíṣí. Owó àjọ ni ìyá náà fi ra tirẹ̀, ó sì ti ṣèlérí ọjọ́ tó máa dá a padà. Ọkọ̀ 911 méjì ló yẹ kí wọ́n háyà, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ kejì ń dùn wọ́n. Dẹ́rẹ́bà fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ kùn pé ẹrù ti ń pọ̀ jù. Ìyá oníṣu ló dá a lóhùn.

"Ọmọ mi, má dá wa dúró síbí. Ṣé o ò rí i pé àyè ṣì wà lókè yẹn ni? A ó fi nǹkan sí i fún ẹ."

Dẹ́rẹ́bà dákẹ́. Wọ́n sì fi nǹkan sí i fún un lóòótọ́. Iṣu 3,000 ni wọ́n dì sínú ọkọ̀ kan ṣoṣo. Mọ́tò bọ́ì gun orí ẹrù lọ, ó jókòó síbẹ̀.

Wọ́n ti kọjá Ṣakí, wọn ò tíì dé Ìṣẹ́yìn, nígbà tí táyà ẹ̀yìn kan bẹ́. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé ìbọn ni. Ọkọ̀ fì sí òsì, okùn já, iṣu ya sílẹ̀ bí òkò. Ọmọkùnrin tó wà lókè bá iṣu wálẹ̀, itan rẹ̀ kán. Ọlọ́run ló yọ ọ́, kò kú. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́rin ló fi dùbúlẹ̀, títí di òní ló sì ń tiro. Iṣu tó ṣẹ́ lé ní ìdajì. Gbogbo ẹni tó ń ta iṣu ló mọ̀ pé iṣu tó ṣẹ́ kì í dúró de oníbàárà. Iye tí wọ́n bá bá pàdé ni wọ́n máa gbà.

TA LÓ JẸ̀BI?

Ojú ọ̀nà níbẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn obìnrin ní dẹ́rẹ́bà ló sáré jù. Dẹ́rẹ́bà ní òun kò sáré, ayé ló ṣe é, nítorí pé táyà yẹn kò ní nǹkan kan tó ṣe é nígbà tí wọ́n gbéra. Nígbà tí ọ̀rọ̀ wá le, ó yíjú sí ìyá oníṣu. Ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú o. Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ní àyè ṣì wà lókè?"

Ọ̀rọ̀ yìí ló pa ìyá náà lẹ́nu mọ́.

Fọ́kanáísà kan tó ti dàgbà ni wọ́n lọ pè wá láti abúlé tó wà níwájú. Bàbá náà kò bá wọn jà, kò sì dá sí ọ̀rọ̀ ayé tàbí ọ̀rọ̀ eré sísá. Ó tẹ̀ ba ti táyà tó bẹ́, ó fi omi nu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì pe ìyá oníṣu.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo nǹkan."

"Bàbá, mi ò kàwé o."

"Kì í ṣe ìwé. Nọ́ńbà lásán ni. Ẹ kúkú ń ka owó."

Ó fi ìka rẹ̀ hàn án. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni 140/137. Bàbá ní nọ́ńbà yìí kì í ṣe kílò fúnra rẹ̀ o, àmì ni. Àwọn tó ń ṣe táyà ní ìwé kan káàkiri ayé tó túmọ̀ àmì náà. 140 túmọ̀ sí kílò 2,500. Ìyẹn ni ẹrù tí táyà náà lè gbé bó bá dá dúró, bíi ti iwájú ọkọ̀. 137 túmọ̀ sí kílò 2,300. Ìyẹn ni èyí tó lè gbé bí wọ́n bá so ó pọ̀ mọ́ èkejì rẹ̀, bíi ti ẹ̀yìn ọkọ̀ tí táyà méjì ń wà pa pọ̀ lápá kan.

Ìyá ní, "Bàbá, kí ló dé tí ti méjì fi kéré sí ti ẹyọ kan? Ṣé kì í ṣe pé èèyàn méjì lágbára ju ẹnì kan lọ ni?"

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní méjì lágbára ju ẹyọ kan lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í pín ẹrù náà dọ́gba-dọ́gba. Bí ọ̀nà bá dagun, ọ̀kan á gbé ju èkejì lọ. Bí atẹ́gùn ọ̀kan bá dín, èkejì á gba ìyà rẹ̀ jẹ. Ooru kì í sì tètè kúrò láàárín wọn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dín in kù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ó tún fi nọ́ńbà mìíràn hàn án: 3411. Ó ní ọjọ́ orí táyà nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ 34 ọdún 2011 ni wọ́n ṣe é. Ọdún mẹ́jọ gbáko! Rọ́bà tó ti pẹ́ tó báyẹn máa ń gbẹ, á máa sán wẹ́wẹ́ nínú lọ́hùn-ún, bí òde rẹ̀ tiẹ̀ ń dán.

ÌṢIRÒ TÍ WỌN Ò ṢE NÍ KÍṢÍ

Ẹ jẹ́ kí ìṣirò bẹ̀rẹ̀. Ká ní iṣu kọ̀ọ̀kan jẹ́ kílò 3. Iṣu 3,000 á jẹ́ kílò 9,000, ìyẹn tọ́ọ̀nù 9, nítorí kílò 1,000 ló wà nínú tọ́ọ̀nù kan. Ẹni tí tọ́ọ̀nù kò bá yé, kó rántí pé àpò sìmẹ́ńtì kan jẹ́ kílò 50. Ogún àpò ni tọ́ọ̀nù kan. Iṣu àwọn obìnrin yìí wúwo tó àpò sìmẹ́ńtì 180!

Ọkọ̀ náà ńkọ́? Orúkọ rẹ̀ gan-an ti sọ ọ́, àwọn èèyàn ni ò mọ̀. Nígbà tí Mercedes-Benz ń sọ àwọn ọkọ̀ yẹn lórúkọ, nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni wọ́n fi ń sọ tọ́ọ̀nù, ìyókù ni wọ́n fi ń sọ agbára ẹ́ńjìnì. 911 jẹ́ ọkọ̀ tọ́ọ̀nù 9 tí agbára ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin 110. 1113 jẹ́ tọ́ọ̀nù 11, pẹ̀lú agbára ẹṣin 130. Ẹ gbọ́ o, tọ́ọ̀nù 9 yìí kì í ṣe ẹrù nìkan. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀, pákó ara rẹ̀, epo inú rẹ̀, dẹ́rẹ́bà, mọ́tò bọ́ì àti ẹrù, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ ni.

Bí ọkọ̀ náà ní òfìfo bá jẹ́ tọ́ọ̀nù 4, ohun tó kù fún ẹrù kò ju tọ́ọ̀nù 5 lọ. Tọ́ọ̀nù 9 ni wọ́n kó sí i. Àpapọ̀ rẹ̀ di 13. Ká ní ásù iwájú gbé 3 nínú rẹ̀, 10 ló wà lórí ásù ẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀, bí ọkọ̀ kan bá jẹ́ tọ́ọ̀nù 9 lápapọ̀, tí iwájú sì gbé 3, 6 péré ló ṣẹ́ kù fún ẹ̀yìn.

Táyà mẹ́rin ló wà lẹ́yìn. Bí wọ́n bá pín tọ́ọ̀nù 10 sí mẹ́rin, kílò 2,500 ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. 2,300 ni wọ́n kọ sí i lára. Ó ti lé ná. Ṣùgbọ́n ohun tó ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ ni pé ọ̀kan nínú àwọn méjì tó wà lápá òsì ti ń jo díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀, kò sì sẹ́ni tó fi gééjì wò ó. Bí atẹ́gùn rẹ̀ ṣe ń lọ, bẹ́ẹ̀ ló ń gbé ẹrù rẹ̀ fún èkejì. Nígbà tó rọ̀ tán, èkejì nìkan ló gbé kílò 5,000. 2,500 ni agbára rẹ̀ bó bá dá dúró. Ìlọ́po méjì agbára rẹ̀ ló gbé, ó sì ti di arúgbó. Bàbá fọ́kanáísà ní, "Ìyá, ayé kankan ò ṣe é. Táyà yìí ti gbìyànjú."

MẸ́TA NI WỌ́N, Ẹ̀YÍ TÓ KÉRÉ JÙ LỌ̀GÁ

Ohun tí bàbá náà kọ́ wọn lọ́jọ́ yẹn ni pé òté mẹ́ta ló wà lórí ọkọ̀ akẹ́rù, ìbáà jẹ́ 911, ìbáà jẹ́ tírélà. Àkọ́kọ́ ni òté ọkọ̀ lápapọ̀. Ìkejì ni òté ásù kọ̀ọ̀kan. Ìkẹta ni òté táyà kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá kéré jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ̀gá. Bí èèyàn mẹ́ta bá jọ gbé ìtì igi, ẹni tí agbára rẹ̀ kéré jù ló máa kọ́kọ́ kúnlẹ̀. Bó bá sì ti kúnlẹ̀, igi ti wólẹ̀ nìyẹn, agbára àwọn méjì tó kù kò wúlò mọ́.

Ibí yìí làwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ti máa ń tan ara wọn jẹ. Bí ọkọ̀ bá ti ń tẹ̀ jù, wọ́n á ní kí wọ́n fi ewé sípíríǹgì kún un. Ọkọ̀ á dìde lóòótọ́, ojú á rò pé agbára rẹ̀ ti pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ásù kò yí padà. Bíréèkì kò yí padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ra táyà tó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Táyà ti lágbára, ásù ṣì wà bó ṣe wà. Ẹrù tó wúwo jù kì í sì fi mọ sórí táyà. Bó bá di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, bíréèkì tí wọ́n ṣe fún tọ́ọ̀nù 9 ló máa dá tọ́ọ̀nù 13 dúró. Á gbóná, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀.

Bí atẹ́gùn táyà bá dín nígbà tí ẹrù pọ̀, ẹ̀gbẹ́ táyà á máa tẹ̀, á máa nà, bó ṣe ń yí. Ooru ló ń bí. Ooru yẹn ló ń bó rọ́bà kúrò lára okùn inú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọ̀sán gangan, lórí eré, ni irú táyà bẹ́ẹ̀ sábà máa ń bẹ́.

Ẹ̀yin bíríkìlà àti ẹ̀yin tó ń ta sìmẹ́ńtì, ọ̀rọ̀ tírélà kàn yín. Tírélà tó kó àpò 600 gbé tọ́ọ̀nù 30. Èyí tó kó àpò 900 gbé tọ́ọ̀nù 45. Bí orí ọkọ̀ àti tírélà òfìfo bá jẹ́ tọ́ọ̀nù 15, àpapọ̀ rẹ̀ di 60. Bí ásù bá jẹ́ mẹ́fà, ẹ máa rò pé 10 ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Rárá o. Ásù iwájú tí dẹ́rẹ́bà fi ń yí ọkọ̀ kì í gbé tó bẹ́ẹ̀. Bó bá gbé 6, 54 ló kù fún márùn-ún, ó lé ní 10 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tírélà kì í sì dá ẹrù rẹ̀ gbé. Iwájú rẹ̀ fẹ̀yìn ti orí ọkọ̀. Bí wọ́n bá kó ẹrù síwájú jù, orí ọkọ̀ ló ń jìyà. Bí wọ́n bá kó o sẹ́yìn jù, ásù ẹ̀yìn ló ń jìyà, iwájú á sì fúyẹ́. Pátákó irin kékeré kan máa ń wà lára tírélà tí wọ́n kọ òté rẹ̀ sí. Ọ̀pọ̀ ti kun ún ní ọ̀dà mọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹténà tún wà níbẹ̀. Àwọn ará Èkó kò tíì gbàgbé Òjúẹ̀lẹ́gbà. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, kọ̀ǹténà kan já bọ́ látorí bíríìjì ibẹ̀ sórí ọkọ̀ tó wà nísàlẹ̀, èèyàn 3 kú. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2023, òmíràn tún já bọ́ níbẹ̀, bọ́ọ̀sì akérò ló bọ́ lé lórí, èèyàn 9 ló kú. Kọ̀ǹténà tó kún lè tó tọ́ọ̀nù 30, ó sì ga. Obìnrin tó bá ti ru agbada omi rí mọ̀ pé béèyàn bá yà lójijì, omi kì í bá a yà, ibi tó ń lọ tẹ́lẹ̀ ló máa fẹ́ máa lọ. Irin ìdè mẹ́rin ló wà fún igun kọ̀ǹténà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí wọn ò bá tì í, kọ̀ǹténà náà kàn jókòó lásán ni. Láti ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 2016 ni òfin àgbáyé ti sọ pé kọ̀ǹténà tó kún kò gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi láìjẹ́ pé wọ́n ti mọ ìwọ̀n rẹ̀ gan-an. Bí ọkọ̀ òkun tó tóbi tó àdúgbò kan bá ń béèrè ìwọ̀n, kí ni 911 fi ṣe agbára jù ú lọ?

Ọ̀nà tí gbogbo ayé ń sunkún lé lórí náà ń sọ tirẹ̀. Láti ọdún 1958 sí 1960, wọ́n fi ọkọ̀ akẹ́rù dán ọ̀nà wò ní ìpínlẹ̀ Illinois l'Amẹ́ríkà. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí ẹrù orí ásù bá di ìlọ́po 2, ìbàjẹ́ tó ń ṣe fún ọ̀nà kì í ṣe ìlọ́po 2, ó tó bí ìlọ́po 16. Kòtò tó ń bẹ́ táyà lónìí, ẹrù àná ló gbẹ́ ẹ.

OWÓ ỌKỌ̀ KEJÌ

Nígbà tí ìyá oníṣu padà dé Bódìjà, ó ṣe ìṣirò tirẹ̀. Owó ọkọ̀ kejì tí wọ́n sá fún, ó fi wé iṣu tó ṣẹ́, owó ilé ìwòsàn ọmọkùnrin yẹn tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ dá, àti ọkọ̀ mìíràn tí wọ́n pàpà wá háyà láti wá kó ìyókù. Wọ́n háyà ọkọ̀ kejì náà gbẹ̀yìn ni! Owó àjọ ńkọ́? Ó san án, ṣùgbọ́n aṣọ òfì méjì ló tà kó tó lè san án tán. Ohun tí kò rí ṣírò ni itan ọmọ ọlọ́mọ.

Láti ìgbà náà, ó ti ní òfin tirẹ̀. Bó bá dé oko, á wọn iṣu mẹ́wàá lórí ìwọ̀n, á mọ bí ẹyọ kan ṣe ń wúwo sí, á sì fi ka ìyókù. Á bi dẹ́rẹ́bà pé, "Tọ́ọ̀nù mélòó lọkọ̀ rẹ? Mélòó ló jẹ́ ní òfìfo?" Á ní kí fọ́kanáísà fi gééjì wo táyà nígbà tó ṣì tutù, kí wọ́n tó di ẹrù. Á wo ọjọ́ orí rẹ̀. Kì í sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sórí ẹrù mọ́.

Kò rọrùn fún un. Àwọn kan ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè é ní Ìyá Onítọ́ọ̀nù. Àwọn tó ṣì ń dì í títí tí àyè á fi tán ń ta iṣu tiwọn ní ẹ̀dínwó, oníbàárà á ná tirẹ̀, á kọjá sọ́dọ̀ wọn. Ọjọ́ mìíràn wà tí èrè rẹ̀ kì í ju owó oúnjẹ lọ. Ó máa ń sọ pé òun mọ̀, ṣùgbọ́n òun kò ní sọ fún dẹ́rẹ́bà mọ́ láé pé àyè ṣì kù.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ dẹ́rẹ́bà àti ọlọ́kọ̀ nìkan ni. Owó yín ló ń tì í. Dẹ́rẹ́bà tó kùn tẹ́ ẹ fi nǹkan pa á lẹ́nu mọ́, ẹ̀yin lẹ wa ọkọ̀ yẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń ra ọjà, bí iṣu kan bá pọ́n díẹ̀ ju tẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lọ, ẹ béèrè bó ṣe wọ ọkọ̀ kẹ́ ẹ tó bínú. Ìmọ̀wọ̀n ara ẹni ni ìlékè ọgbọ́n, ti ọkọ̀ náà sì wà níbẹ̀. Wọ́n ti kọ ọ́ sára táyà. Ẹ bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ kà á.